Ẹsẹ̀ Pẹlẹbẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ̀ Ẹ́ Wò Nílé, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Dókítà Rí I

Bí ọmọ ọdún méjì bá ti balùwẹ̀ jáde, tó fi ẹsẹ̀ tútù tẹ sìmẹ́ǹtì, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa yọ sílẹ̀, láti ìka dé gìgísẹ̀, láìsí àlàfo láàárín. Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ òbí lọ sọ́dọ̀ oníbàtà nìyẹn, òun náà ló ń mú kí ìyá àgbà máa fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ lálaalẹ́. Owó ń lọ, ọmọ ń ké, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àìsàn kankan lára ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀wẹ̀, obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún lè rí i pé ẹsẹ̀ òun ọ̀kan ń wó sínú láàárín oṣù díẹ̀, kó ní àgbà ló dé, kó máa fi ìpara gbígbóná pa á. Ẹni tó yẹ kó ti dé ọsibítù lọ́tọ̀, ẹni tó ń sáré lọ síbẹ̀ lọ́tọ̀.

Pé ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, ìyẹn nìkan ò sọ nǹkan kan fún wa. Ìbéèrè mẹ́rin ló máa sọ ọ́. Ṣé ó ń dunni? Ṣé kòtò abẹ́ rẹ̀ ń padà wá bí a bá gbé gìgísẹ̀ sókè? Ṣé bó ṣe wà láti kékeré nìyí, àbí ó ń yí padà? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni, àbí ọ̀kan? Ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ, torí orí wọn ni gbogbo àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Ohun tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró

Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọrùn ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ló jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ inú àtẹ́lẹsẹ̀, èyí tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, ga kúrò nílẹ̀. Ibẹ̀ ni mò ń pè ní kòtò àtẹ́lẹsẹ̀. Eegun nìkan ò lè dá a gbé dúró. Iṣan pẹlẹbẹ líle kan wà tó gùn láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ìka, tó ń ṣe bí ọsán ṣe ń ṣe lára ọrun: bí ẹ bá fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè, ọsán á le, ọrun á sì tẹ̀ sókè. Àwọn iṣan tó so eegun mọ́ eegun náà wà lábẹ́, pàápàá èyí tó so eegun gìgísẹ̀ pọ̀ mọ́ eegun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní navicular. Èyí tó kù ni iṣan tibialis posterior. Ẹ̀yìn ojúgun ló ti wá, ó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú kọjá, ó sì lọ di eegun navicular mú láti ìsàlẹ̀. Ẹ rántí rẹ̀, torí òun ló ń fa wàhálà jù fún àwọn àgbàlagbà.

Kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó lè gba ìwúwo ara. Bí a bá fẹ́ ti ara wa síwájú, ó máa ń ga padà kí ẹsẹ̀ lè le. Ẹsẹ̀ tó pẹlẹbẹ nígbà tí a dúró, tó sì ń ga padà nígbà tó yẹ, ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò lè ga padà ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ibi tó ti ń wá fún ọmọdé

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọjọ́ orí ò tíì tó. Ọmọ ọwọ́ ní ọ̀rá lábẹ́ ẹsẹ̀, iṣan rẹ̀ sì rọ̀. Kòtò náà ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 10 àkọ́kọ́. Ní 1987, dókítà Lynn Staheli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwọ̀n ìtẹ̀ ẹsẹ̀ ènìyàn 441 jáde, láti orí ọmọ kékeré títí dé arúgbó, gbogbo wọn ẹni tí ara wọn dá. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n bá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́, ó ṣì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ ọmọdé, kódà wọ́n rí i lára àwọn àgbà kan tí kò sí ohunkóhun tó ń ṣe wọ́n.

Àjogúnbá tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ bàbá bá pẹlẹbẹ, tí bàbá sì ti ń rìn káàkiri fún ogójì ọdún láìròjọ́, kò sí ìdí láti bẹ̀rù nítorí ọmọ. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí oríkèé wọn rọ̀ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, tí àtàǹpàkò ọwọ́ wọn lè tẹ̀ títí tá a fi kan apá, tí orúnkún àti ìgúnpá wọn máa ń tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tiwọn náà máa ń wólẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe dá nìyẹn. Àwọn díẹ̀ ní àrùn àbímọ́ tó ń mú kí ohun tó so ara pọ̀ rọ̀ jù, bíi Marfan tàbí Ehlers-Danlos. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ sì wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ní Down syndrome. Ìsanrajù náà máa ń tẹ ẹsẹ̀ ọmọ mọ́lẹ̀.

Bàtà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó wà níbí á ya àwọn tó ń sáré ra bàtà líle lẹ́nu. Ní 1992, Rao àti Joseph gbé ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Íńdíà, nínú èyí tí wọ́n wo ìtẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ 2,300 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 4 sí 13. Nínú ọmọ 100 tó ń wọ bàtà, bíi 8.6 ló ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Lọ́dọ̀ àwọn tí kì í wọ bàtà, 2.8 péré ni. Bàtà tó bo ìka ni wọ́n bá a nídìí rẹ̀ jù, sàńdáàlì àti sílípáàsì kò tó bẹ́ẹ̀. Èyí kò fi hàn pé bàtà nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ kí á fọkàn balẹ̀ nípa ọmọ tó ń sáré láìwọ bàtà nínú ilé àti lórí ilẹ̀ tó mọ́. Mo sọ pé ilẹ̀ tó mọ́ o. Aràn hookworm ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́, ìṣó sì wà níta. Ẹ má torí kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ran ọmọ lọ sórí ààtàn láìwọ bàtà.

Ohun méjì ló ṣọ̀wọ́n, àmọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ gbójú fò. Àkọ́kọ́ ni ti ọmọ tuntun tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí ẹni pé wọ́n yí i padà, tó sì le, tí kò tẹ̀ bí ẹ bá rọra tì í. Vertical talus ni orúkọ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkejì ni kí dókítà eegun ti rí i, torí bí wọ́n bá tètè fi pọ́ọ̀pù (POP, ìdè funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun) sí i léraléra, iṣẹ́ abẹ tó máa kù kò ní tóbi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ líle wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni tarsal coalition: eegun méjì tó yẹ kó dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti lẹ̀ mọ́ra láti inú oyún. Ọmọ náà á máa ṣeré lọ láìsí wàhálà títí ibi tó lẹ̀ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í le di eegun, láàárín ọdún 8 sí 16. Ìgbà yẹn ni ìrora dé. Ọmọkùnrin tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á ní ẹsẹ̀ òun rọ́ lónìí, á ní ó tún rọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n á máa wọ́ ọ, wọ́n á máa fi báńdéèjì dì í. Bí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ bá ń rọ́ lemọ́lemọ́, tí ẹsẹ̀ náà pẹlẹbẹ, tó sì gan, coalition ni kí ẹ jẹ́ kí dókítà ronú kàn.

Ti àgbàlagbà

Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ láti kékeré, tí kò dùn ún, kò ní nǹkan kan án bẹ̀rù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kòtò tẹ́lẹ̀, tó wá ń wólẹ̀ nísinsìnyí, ni ọ̀rọ̀ kàn. Iṣan tibialis posterior tí mo ní kí ẹ rántí ló máa ń jẹ́ jù. Ó máa ń gbó, ó máa ń wú, ó lè fà ya díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ló ń ṣe jù, àti ẹni tó sanra, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn àti abẹ́ kókósẹ̀ inú á máa dunni, á wú, ní pàtàkì lẹ́yìn ìdúró pípẹ́ ní ọjà tàbí lẹ́yìn ìrìn gígùn. Nígbà tó bá yá, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wó sínú, gìgísẹ̀ á yà síta. Lẹ́yìn èyí ni ìrora lè kúrò ní ẹ̀gbẹ́ inú bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òde, torí eegun ti ń fún ara wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ara ti ń yá nígbà tí ẹ̀gbẹ́ inú ò dùn wọ́n mọ́. Ó ti burú sí i ni. Ní ìpele tó kẹ́yìn, oríkèé á gan, kò ní ṣeé dá padà mọ́. Ọdún púpọ̀ ló lè wà láàárín ìpele àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n tètè lọ.

Àwọn ohun mìíràn ni arọmọléegun irú rheumatoid, egbò inú láti ọwọ́ jàǹbá ọ̀kadà tàbí ìṣubú tó ya iṣan àárín ẹsẹ̀, àti àrùn rọpárọsẹ̀ tó ti jà nígbà èwe. Ìyá tó lóyún náà lè rí i pé ẹsẹ̀ òun gùn sí i, ó sì pẹlẹbẹ sí i, débi tí bàtà àtijọ́ ò gba òun mọ́ lẹ́yìn ìbímọ.

Èyí tó jẹ́ pàjáwìrì ni ti alátọ̀gbẹ. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá ṣàdédé wú, tó gbóná ju èkejì lọ, tó sì dà bíi pé ó ń yí padà, ó lè jẹ́ Charcot: eegun ń fọ́ nínú, ẹni náà ò sì mọ̀ torí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ìwé ìṣègùn á ní ó máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n: ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé e lé èkejì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì, kí ó má tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ mọ́, kí ó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tó máa dùn ún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìtẹ̀ ẹsẹ̀

Ẹ rẹ ẹsẹ̀ sínú omi, ẹ gbọn omi díẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí tàbí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, kí ìwúwo ara pín sórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí àlàfo ńlá bá wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, kòtò wà. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ fi biro fa ìlà yí i ká, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tọ́jú páálí náà. Ìtẹ̀ kan ò sọ nǹkan púpọ̀. Méjì tí oṣù mẹ́fà wà láàárín wọn ló ń sọ bóyá ẹsẹ̀ ń yí padà. Ọ̀rá lè tan yín jẹ lórí èyí, pàápàá lára ọmọ tó sanra, torí ọ̀rá á kún inú kòtò, a ò sì ní rí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó láti ẹ̀yìn

Kí ẹni náà ká ṣòkòtò dé orúnkún, kó kọ ẹ̀yìn sí yín, kó dúró bó ṣe máa ń dúró. Ẹ lóṣòó kí ojú yín dé ìwọ̀n gìgísẹ̀ rẹ̀. Ṣé gìgísẹ̀ dúró gbọọrọ lábẹ́ ojúgun, àbí ó yà síta? Ìka mélòó lẹ lè rí ní ẹ̀gbẹ́ òde? Ìka kékeré nìkan, tàbí òun àti apá kan èyí tó tẹ̀ lé e, ló wọ́pọ̀. Bí ẹ bá ń rí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ kan, tí ẹ ò sì rí bẹ́ẹ̀ ní èkejì, ẹsẹ̀ yẹn ti ń yà sóde. Ẹ ya fọ́tò, kí kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, kì í ṣe láti òkè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gbígbé gìgísẹ̀ sókè

Bí ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa ṣe nínú gbogbo rẹ̀, èyí ni kí ẹ ṣe. Kí ẹni náà fọwọ́ kan ògiri díẹ̀, kó má gbára lé e, kó wá gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kó dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀yin wà lẹ́yìn, ẹ ń wo ohun méjì: ṣé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ yọ, ṣé gìgísẹ̀ sì yí sínú?

Bí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ náà rọ̀. Lára ọmọ tí kò ní ìrora, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wà pẹlẹbẹ síbẹ̀, tí gìgísẹ̀ sì dúró bó ṣe yà síta, ẹsẹ̀ náà gan, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù bí kò tilẹ̀ dùn ún.

Fún àgbàlagbà, ẹ fi ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan kún un. Kó gbé ẹsẹ̀ tó dára kúrò nílẹ̀, kó wá fi èyí tó ń dùn ún nìkan gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹni tí iṣan tibialis posterior rẹ̀ bá ṣì lágbára á lè ṣe é léraléra. Ẹni tí kò bá lè gbé e sókè rárá, tàbí tó ń gbé e láìjẹ́ pé gìgísẹ̀ yí sínú, tàbí tó ń dùn ún gan-an lẹ́yìn kókósẹ̀ inú, iṣan náà ti ń kú lọ. Ẹ fi wé ẹsẹ̀ kejì kí ẹ tó dájọ́, torí àwọn kan wà tí ọjọ́ orí tàbí ìwúwo ò jẹ́ kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ kankan ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fa àtàǹpàkò

Kí ó dúró, kó má gbé ẹsẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí kòtò bá yọ, ọsán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kékeré tí kò gbọ́ràn láti dúró lórí ìka ni àyẹ̀wò yìí wúlò fún jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé iṣan gìgísẹ̀ kúrú?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló sábà máa ń ya ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó ń dunni sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dunni. Láti inú ìwádìí tí Harris àti Beath ṣe lórí ẹsẹ̀ àwọn sójà Kánádà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1947, ni wọ́n ti fi hàn pé ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó rọ̀, tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ò kúrú, kì í sábà yọ ẹni lẹ́nu; èyí tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrú ló ń fa ìrora.

Kí ẹni náà jókòó, kó na ẹsẹ̀ síwájú kí orúnkún gún. Ẹ di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ yí i sínú díẹ̀ kí kòtò kọ́kọ́ yọ. Bí ẹ bá fo èyí, àárín ẹsẹ̀ á tẹ̀ dípò ọrùn ẹsẹ̀, á sì tàn yín jẹ. Wàyí o, ẹ ti ẹsẹ̀ náà sọ́nà ojúgun. Ó yẹ kó kọjá ibi tí ẹsẹ̀ àti ojúgun ti ṣe igun ìwọ̀n 90, bíi ti igun ìwé. Bí kò bá dé ibẹ̀ nígbà tí orúnkún gún, àmọ́ tó dé ibẹ̀ nígbà tí orúnkún tẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló kúrú, nínà rẹ̀ sì lè ràn án lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bàtà àti àwòrán ìrora

Ẹ gbé bàtà tó ti wọ̀ pẹ́ sórí tábìlì, ẹ wo ó láti ẹ̀yìn. Ṣé ó ti wó sínú? Ṣé ọ̀kan ti wó ju èkejì lọ? Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ibi tó ń dùn ún sílẹ̀, ìgbà tó ń dùn ún, àti ohun tí kò lè ṣe mọ́. “Ẹsẹ̀ ń dùn mí” kò tó fún dókítà. “Ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú ọ̀tún ń dùn mí láti bí oṣù mẹ́rin, mi ò lè gun àtẹ̀gùn láìdúró” tó.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró mọ́

Ẹsẹ̀ tó gan. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó pẹlẹbẹ. Ẹsẹ̀ tó ń yí padà lára àgbàlagbà. Ìrora tó ń jí ọmọ lójú oorun, tàbí tó ń mú un tiro. Ọmọ tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn nígbà gbogbo, tàbí tó ń rìn tẹ́lẹ̀ tó wá ń ṣubú lemọ́lemọ́. Kíkú àtẹ́lẹsẹ̀. Àti ti alátọ̀gbẹ tí mo ti sọ.

Ní ọsibítù

Ní ìlẹ̀ Yorùbá, ẹ lè lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eegun ní National Orthopaedic Hospital, Igbobi, l'Ékòó, tàbí ní UCH, Ìbàdàn, tàbí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó bá sún mọ́ yín. Ibẹ̀ náà ni àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK), GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ló máa kọ́kọ́ rí yín kó tó rán yín sí podiatrist, ìyẹn onímọ̀ ìtọ́jú ẹsẹ̀. Ẹ mú páálí, fọ́tò àti bàtà àtijọ́ dání.

Dókítà á tún àwọn àyẹ̀wò yìí ṣe, á wo bí ẹ ṣe ń rìn, á fọwọ́ kan ipa ọ̀nà iṣan náà. Àwọn mìíràn á fún un ní máàkì lórí ohun mẹ́fà tí wọ́n ń wò lára ẹsẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Foot Posture Index: ó bẹ̀rẹ̀ láti òdì 12 dé 12, ẹsẹ̀ tó wà láàárín 0 sí 5 wà ní ìwọ̀n, 6 sókè ni èyí tó wó sínú, 10 sókè ni ó wó jù.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ló nílò x-ray. Ọmọ tí kò ní ìrora, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ yà á, ẹ ṣọ́ ohun kan: ẹni náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró. X-ray tí wọ́n yà lórí bẹ́ẹ̀dì kò lè fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń wólẹ̀ hàn, torí ìwúwo ara ò sí lórí rẹ̀. Ẹ wo ìwé tí dókítà kọ. Bí “weight-bearing” (ìyẹn ni pé ìwúwo ara wà lórí ẹsẹ̀) ò bá sí níbẹ̀, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè. Lórí x-ray náà ni wọ́n ti ń wọn igun tí wọ́n ń pè ní igun Meary, tó yẹ kó sún mọ́ 0, tó bá sì ti kọjá ìwọ̀n 4 sísàlẹ̀, kòtò ti wó nìyẹn. Bí wọ́n bá fura sí coalition, CT scan ló ń fi hàn dáadáa; fún iṣan tó ń ya, ultrasound tàbí MRI.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́

Ọmọ tí kò ní ìrora, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀: ẹ fi í sílẹ̀. Ní 1989, Wenger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n pín àwọn ọmọ kékeré tó ní irú ẹsẹ̀ yìí sí ọ̀wọ́, àwọn kan wọ bàtà ìtọ́jú, àwọn kan fi ìtẹ́nú sínú bàtà, àwọn kan ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún 3, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti dára sí i, ti àwọn tí kò gba nǹkan kan náà sì dára bákan náà. Nítorí náà, bí oníbàtà bá fi fọ́tò ẹsẹ̀ ọmọ tó dára lẹ́yìn ọdún 3 han yín, ẹ bi í léèrè bóyá ọjọ́ orí ló ṣe é.

Fún ẹni tí ó ń dùn, ẹ kọ́kọ́ na ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Kọjú sí ògiri, fi ẹsẹ̀ kan síwájú, èyí tí ẹ fẹ́ nà wà lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ gún, gìgísẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìka kọjú síwájú gbọọrọ. Ẹ tẹ̀ síwájú títí yóò fi fà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbìyànjú láti fa iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ sún mọ́ gìgísẹ̀ láìká ìka ẹsẹ̀ kò, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ ṣe é nígbà 10. Kò rọrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìka á máa ká. Gbígbé gìgísẹ̀ sókè náà dára, àmọ́ ẹni tí iṣan rẹ̀ wú lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ṣe eré ìmárale títí wíwú náà á fi lọ.

Ìtẹ́nú bàtà lè dín ìrora kù. Kì í kọ́ kòtò tuntun sí ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní fámásì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lọ ṣe èyí tó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó gan kì í fẹ́ ìtẹ́nú líle tó ga, ó máa ń gún un. Ní ti bàtà fúnra rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fún ẹ̀yìn rẹ̀: kò gbọdọ̀ wó. Ẹ ká a: ibi ìka ni kó ti tẹ̀, kì í ṣe àárín. Ẹ lọ́ ọ bí ẹni fún aṣọ: kó má rọ̀ jù. Bàtà òkìrìkà ò burú, àmọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wó o sí ibi tó wù ú, nítorí náà ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú kí ẹ tó sanwó.

Iṣan tó ń ya lára àgbàlagbà nílò ìsinmi, bàtà ìtọ́jú gíga tàbí pọ́ọ̀pù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ìtẹ́nú àti fisiotẹ́rápì. Bí èyí ò bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ abẹ wà: wọ́n lè gé eegun gìgísẹ̀ kí wọ́n sún un sí ipò tó tọ́, kí wọ́n fi iṣan mìíràn rọ́pò èyí tó gbó. Bí oríkèé bá ti gan pátápátá, wọ́n á so eegun pọ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ara máa ń gbà kó tó padà bọ̀ sípò.

Ẹni tó ń lọ síbi ìgbaniṣíṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí sójà

Nínú ìkéde ìgbaniṣíṣẹ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà, wọ́n máa ń ka ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ k-leg àti àwọn ohun tí wọn ò fẹ́ rí lára ẹni tó ń wá iṣẹ́. Òfin wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1993, Cowan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀dọ́mọkùnrin 246 tó ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ sójà ẹlẹ́sẹ̀ ní Amẹ́ríkà: àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pẹlẹbẹ jù ló fara pa kéré jù, àwọn tí kòtò wọn ga jù ló fara pa jù. Bí ẹ bá ní irú ẹsẹ̀ yìí, ẹ ka ìkéde náà dáadáa kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Ẹ lọ rí dókítà eegun ṣáájú, kó kọ ọ́ sínú ìwé bóyá ó rọ̀ àbí ó gan, àti pé kò dùn yín. Ẹni tó bá sì sọ pé òun lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́ kòtò sí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.